Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ Láti Inú Wáyà ní Àgbádárìgì

Ariwo ẹ̀rọ kékeré tó so kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì wa mọ́ wáyà tẹlifóònù ṣì wà ní etí mi dòní. Á kọ́kọ́ dún bí ìgbà tí èèyàn ń tẹ nọ́ńbà tẹlifóònù, á dákẹ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà ni yóò wá figbe ta gooro, á ta ṣàà bí ẹja tútù tí wọ́n jù sínú òróró gbígbóná, á tún figbe ta, kó tó wá dákẹ́ lójijì. Bó bá ti dákẹ́ báyẹn, gbogbo àwa tá a wà nínú ọ́fíìsì á mí kanlẹ̀, torí ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé Èkó ti gbé e, lẹ́tà wa ti ń lọ. Mo ti lé lọ́mọ ogún ọdún nígbà náà, mo sì gbà pátápátá pé ohun tí mò ń gbọ́ yẹn ni ohùn àwọn lẹ́tà tí wọ́n ń du ọ̀nà mọ́ ara wọn lọ́wọ́ nínú wáyà. Ọ̀gá mi sọ fún mi pé kò rí bẹ́ẹ̀. Mi ò gbà á gbọ́.

Ayé àwọn ológun ni mò ń wí yìí. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ tí mò ń lọ ní apá Ìjànikin ti tì pa, àwọn tó ń kọ́ wa ti daṣẹ́ sílẹ̀, ìjọba ò sì dá wọn lóhùn. Epo mọ́tò wọ́n bí ojú. Bí o bá fẹ́ lọ láti Àgbádárìgì sí Gbàjì tí kò ju ìrìn díẹ̀ lọ, àwọn ṣọ́jà á ti dá ọ dúró lọ́pọ̀ ìgbà kí o tó débẹ̀, wọ́n á tú àpò rẹ wò bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́. Àwọn àgbàlagbà máa ń ti ilẹ̀kùn kí wọ́n tó yí rédíò sí ìkànnì òkè òkun, ohùn rẹ̀ á sì lọ sílẹ̀ débi pé etí ni wọ́n á fi tì í. Nínú àkókò yẹn ni mo ríṣẹ́ sí ọ́fíìsì kan létí ọ̀sà, tí àjọ kan láti òkè òkun dá sílẹ̀ láti máa ṣọ́ bí òkun ṣe ń jẹ ilẹ̀ etíkun wa. Wọ́n ri òpó mọ́ iyanrìn káàkiri, títí dé ọ̀nà Ìwórò. Àwọn òṣìṣẹ́ á lọ wọn bí omi ṣe súnmọ́ òpó kọ̀ọ̀kan tó, wọ́n á mú un wá, èmi á tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà. Ọmọ Èkìtì ni Ọ̀gá mi, ọkùnrin gíga tín-ín-rín kan tí kì í bínú àfi bí iná bá lọ lẹ́nu iṣẹ́, ìyẹn ni pé ojoojúmọ́ ló ń bínú.

Lọ́jọ́ kan ó pè mí wọlé. Ó ní àjọ wa fẹ́ kọ́ ẹnì kan ní ọ́fíìsì kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ṣe ń ṣe ojú-ìwé tí gbogbo ayé lè kà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, orúkọ mi lòun sì fi ránṣẹ́.

Mo dúpẹ́, mo kúnlẹ̀, mo dìde, mo wá béèrè pé, “Sà, íńtánẹ́ẹ̀tì yìí, níbo ló wà?”

Ọ̀gá họrí. “Kò sí níbì kan pàtó.”

“Ṣé ó ti dé Àgbádárìgì?”

“Ó ti dé Èkó díẹ̀díẹ̀. Ìmélì nìkan ló ń dé ọ̀dọ̀ tiwa.”

“Ṣé ohun tí mi ò rí rí ni mo máa kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe, Sà?”

“Ohun náà gan-an ni,” Ọ̀gá wí, ó sì padà sídìí ìwé rẹ̀ bí ẹni tí kò sọ nǹkan bàbàrà kan.

Bí ètò náà ṣe rí nìyí. Obìnrin òyìnbó kan, tó ń gbé ní ìlú òtútù kan tí mi ò tíì gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí, ni yóò máa kọ́ mi. Á kọ ẹ̀kọ́ ránṣẹ́ nípasẹ̀ ìmélì, ẹ̀rọ wa á pe Èkó lọ́sàn-án, á gbà á wọlé, èmi á kà á, màá ṣe iṣẹ́ tó bá ní kí n ṣe, màá dá a padà. Bí mo bá yege, àjọ náà á gbà mí sí ọ́fíìsì àgbà wọn ní Èkó, kí n máa ṣe ojú-ìwé wọn. Bí mi ò bá yege, ó parí nìyẹn, torí pé ọ́fíìsì Àgbádárìgì máa kógbá wọlé kí ọdún tó pé. Ohun tó wà níwájú mi nìyẹn, mo mọ̀ ọ́n, Ọ̀gá mọ̀ ọ́n.

Háà, ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ yẹn! Olùkọ́ mi ṣàlàyé pé àwọn àmì kéékèèké kan wà tí èèyàn máa ń kọ síwájú ọ̀rọ̀ àti sẹ́yìn rẹ̀. Èyí tó wà níwájú á sọ fún ẹ̀rọ pé, bẹ̀rẹ̀ níbí. Èyí tó wà lẹ́yìn á ní, ó tó. Láàárín méjèèjì, ọ̀rọ̀ náà á di ńlá, tàbí kó dúdú kirikiri, tàbí kó wọ àwọ̀ mìíràn. HTML ni wọ́n ń pe èdè àmì yìí. Mo kọ orúkọ bàbá mi síbẹ̀, mo fi àmì pupa sí i bí olùkọ́ ṣe wí, mo ṣí i nínú ètò tí wọ́n fi ń wo ojú-ìwé, èyí tí wọ́n fi díísìkì rán sí wa láti Èkó. Orúkọ bàbá mi jáde, ó pọ́n dẹ̀dẹ̀. Mo ké yéè! Ọ̀gá sáré wọlé, ó rò pé ejò ni. Mo na ìka sí gíláàsì kọ̀ǹpútà náà. Ó wò ó, ó ní, “O gbàgbé láti pa á dé.” Lóòótọ́, mi ò fi àmì ìparí síbẹ̀, gbogbo ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé orúkọ bàbá mi ló pupa pẹ̀lú rẹ̀ títí dé ìsàlẹ̀. Kò dùn mí rárá. Ẹ̀rù tó dùn ló ń bà mí, pé èmi tí mo jókòó sórí àga onígi létí ọ̀sà yìí ni mo sọ fún ẹ̀rọ pé kó pupa, tó sì gbọ́.

Láti ọjọ́ yẹn lọ, mi ò rí nǹkan mìíràn rò. Bí mo bá ń rokà, mò ń fi àmì sí i lọ́kàn. Bí mo bá ń kí àwọn aládùúgbò wa, ó ń ṣe mí bíi kí n sọ fún wọn pé ẹ̀yin èèyàn yìí, ẹ ò mọ nǹkan tó ń ṣẹlẹ̀ láyé o. Ohun tó máa ń mú orí mi wú jù ni pé àmì kan náà tí obìnrin yẹn kọ nínú òtútù lọ́hùn-ún ni èmi náà kọ nínú ooru Àgbádárìgì, ohun kan náà ni ẹ̀rọ méjèèjì sì ṣe. Ẹ̀rọ náà kò béèrè pé ọmọ ta ni mí. Kò béèrè ta ni mo mọ̀ ní báráàkì. Nígbà tí gbogbo nǹkan ń fẹ́ ẹni tó mọ ẹnì kan, èmi rí ohun kan tó jẹ́ pé bí o bá ti sọ ọ́ bó ṣe yẹ, á dá ọ lóhùn.

Àmọ́ inú bàbá mi kò dùn sí i. Okùn àti tapólì ni bàbá mi ń tà fún àwọn apẹja àtàwọn onímọ́tò, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò jìnnà sí mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa, ìlà àkọ́kọ́ ló sì máa ń dúró sí ní gbogbo ìrun. Ìyá mi ti kú láti kékeré mi, òun nìkan ló tọ́ mi. Kì í ṣe èèyàn líle. Ẹ̀rù ló ń bà á. Wọ́n ti wá mú olùkọ́ kan ládùúgbò wa nítorí ìwé ìròyìn tí wọ́n bá nínú àpò rẹ̀, fún ọ̀pọ̀ oṣù, a ò gbúròó rẹ̀.

“Lẹ́tà lò ń kọ sí òyìnbó, lákòókò yìí?” ó bi mí lọ́jọ́ kan tá a jọ ń jẹun.

“Ẹ̀kọ́ ni, Bàbá. Inú wáyà ló ń gbà lọ.”

“Ta ló ń kà á lójú ọ̀nà?”

“Kò sẹ́ni tó ń kà á, wáyà ni.”

“Mo ní, nínú wáyà yẹn, ta ló ń kà á?”

Mi ò mọ̀. Ó ní ó dáa. Kò ju ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan lọ tó fi sọ fún mi pé òun ti ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n òun obìnrin ní Kútọnù. Ìyá Kútọnù la máa ń pe ìyá náà. Láàsì ló ń tà lọ́jà wọn lọ́hùn-ún, ó sì ti pẹ́ tó ti ń wá ọmọ tó mọ̀wé tó máa jókòó tì í. Bàbá ní bí Iléyá bá ti kọjá, á wá mú mi. “Ibẹ̀ ò jìnnà. Kò sí ṣọ́jà tó máa wá kan ilẹ̀kùn mọ́ ọ lórí níbẹ̀. Èmi náà á lè sùn.” Mo ní, “Ẹ ṣé, Bàbá.” Kí ni mo tún fẹ́ sọ? Mo lọ sí ilé ìdáná, mo sunkún tí mo fi gbàgbé pé mo gbé omi kaná. Mo wá sọ lọ́kàn ara mi pé bí mo bá yege, tí mo mú iṣẹ́ Èkó dání, bóyá á yí ọkàn padà. Èyí ni mo dì mú.

Ẹ̀kọ́ ń lọ. Lẹ́yìn àmì la kan àṣẹ. Olùkọ́ mi ní àmì máa ń sọ bí ojú-ìwé yóò ṣe rí ni, ṣùgbọ́n àṣẹ á jẹ́ kí ojú-ìwé náà ronú. Ronú kẹ̀? Mo ka gbólóhùn yẹn títí. Ó ní ẹ̀rọ lè wo aago ara rẹ̀, kó sì mọ bó ṣe yẹ kó kí ẹni tó bá ṣí ojú-ìwé náà: kó kí i káàárọ̀ bó bá jẹ́ àárọ̀, kó kí i káàsán bó bá jẹ́ ọ̀sán. Olúwa o! Ẹ̀rọ tó mọ bí wọ́n ṣe ń kí èèyàn! Àwọn ọmọ tí wọ́n bí sílẹ̀ wa gan-an, a ṣì ń lu ẹlòmíì kó tó mọ̀ ọ́n. Olùkọ́ fi àpẹẹrẹ tirẹ̀ ránṣẹ́, ó ní kí n yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, kí n fi ṣe tèmi, kí n sì kọ ohunkóhun tí mo bá kíyèsí nípa àpẹẹrẹ náà sí òun.

Mo yí ìkíni náà sí Yorùbá. Mo ṣí i. Aago mẹ́ta ọ̀sán ni, òòrùn ń mú bí iná. Ojú-ìwé náà kí mi pé, “Ẹ káàárọ̀.” Mo wo aago ẹ̀rọ, aago dáa. Mo wá tú àṣẹ náà wò ní ìlà-ìlà, mo sì rí i: ibi tó yẹ kí olùkọ́ sọ pé kí aago má tíì dé méjìlá, pé kó ti kọjá méjìlá ló sọ. Mo yí i padà. “Ẹ káàsán.” Inú mi dùn dé etí, mo jó yípo àga.

Ibi tí mo ti ń jó ni mo ti dúró gbagidi. Bí mo bá fi èyí tí mo tún ṣe ránṣẹ́, kí ni mò ń sọ fún ìyá náà? Pé kò mọ̀ ọ́n? Ó ti sọ fún mi nínú lẹ́tà kan pé òun ní ọmọ-ọmọ. Èmi ọmọ àná, kí n dìde kí n sọ fún àgbàlagbà tó ń kọ́ mi lọ́fẹ̀ẹ́ pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀? Ilé wo ni wọ́n ti kọ́ mi bẹ́ẹ̀? Mo ronú, mo ronú. Mo tiẹ̀ rò ó wò pé bóyá ní ìlú òtútù tiwọn, òòrùn máa ń pẹ́ kó tó yọ, kó jẹ́ pé aago mẹ́ta ọ̀sán ni àárọ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ wo ọgbọ́n! Mo bá yí gbogbo rẹ̀ padà sí bó ṣe wà, mo fi ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀, mo sì kọ sísàlẹ̀ pé ẹ ṣé púpọ̀ Mà, àpẹẹrẹ yín dára gidigidi, kò sí àléébù kankan lára rẹ̀. Mo sùn dáadáa lọ́jọ́ náà, bí ọmọ tí wọ́n tọ́ tó gbẹ̀kọ́.

Èsì dé. Ọ̀gá ló tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, ó gbé e fún mi. Mi ò yege. Olùkọ́ mi kọ ọ́ pé, “Èmi ni mo mọ̀ọ́mọ̀ fi àṣìṣe síbẹ̀. Ojú-ìwé rẹ ń kí èèyàn káàárọ̀ lọ́sàn-án gangan, o sì ní kò sí àléébù. Ṣé o kò rí i ni, àbí o rí i, o dákẹ́?” Ó ní bó bá jẹ́ ìkíni nìkan ni, èèyàn á kàn rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n òkun ni ojú-ìwé wa máa dá lé. Àwọn tó ń gbé létí omi ló máa kà á kí wọ́n tó mọ ibi tí wọ́n máa kọ́lé sí. Bí ẹnì kan bá rí àṣìṣe nínú rẹ̀ tó bá dákẹ́ nítorí pé ọ̀gá òun ló kọ ọ́, ilé àwọn èèyàn máa bá omi lọ. Ìdánwò kan ló kù. Ó máa fi ojú-ìwé gígùn kan tí òun fúnra rẹ̀ ṣe ránṣẹ́. Kí n má tún un ṣe. Kí n kọ gbogbo ohun tó kù díẹ̀ káàtó nínú rẹ̀ sí òun, láìfi ọ̀kan pamọ́. Ìyẹn ló máa sọ bóyá mo lọ Èkó tàbí mi ò lọ.

Iléyá ti ń sún mọ́lé, àwọn àgbò ti ń ké káàkiri àdúgbò. Nígbà tí ojú-ìwé náà dé, mo kó o lọ sílé, mo jókòó sẹ́yìnkùlé lábẹ́ igi àgbọn. Kì í ṣe pé mi ò rí àwọn àṣìṣe náà. Mo rí wọn kedere, mo fa ìlà sí abẹ́ wọn. Kíkọ sí i ni mi ò lè kọ. Mo bẹ̀rẹ̀: “Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí, kì í ṣe pé mo gbọ́n jù yín lọ.” Mo tún un bẹ̀rẹ̀: “Mà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ojú mi ni kò ríran dáadáa.” Ìwé kún, ó kún fún ẹ̀bẹ̀, kò sí àṣìṣe kan ṣoṣo nínú rẹ̀. Ibẹ̀ ni bàbá mi bá mi nígbà tó ti ibi ìrun Àláásárì dé.

“Kí ló ṣe ọ́ tó o fi ń wo ìwé bí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀?”

Mo sọ ọ́ fún un. Mi ò mọ ohun tó jẹ́ kí n sọ ọ́ fún òun tí kò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà sétí. Mo sọ pé ìyá tó ń kọ́ mi ṣe àṣìṣe, ó ní kí n sọ ọ́ fún òun, ẹnu mi kò sì gbà á. Bàbá mi fetí sílẹ̀, ó wá bú sẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀. Ó jókòó tì mí lórí àpótí.

“Bí Lèmọ́mù bá gbàgbé nínú ìrun, tó fẹ́ dìde níbi tó yẹ kó jókòó, kí làwọn tó wà lẹ́yìn máa ń ṣe?”

“Wọ́n á ní Sùbúhánálláhì.”

“Àwọn ọkùnrin nìyẹn. Ẹ̀yin obìnrin ńkọ́? Kí ni wọ́n kọ́ ọ nílé kéwú?”

“A ó pàtẹ́wọ́.”

“Ṣé ìwọ̀sí ni?”

“Rárá o, Bàbá.”

“Bí gbogbo èèyàn bá wá dákẹ́ ńkọ́, pé àgbàlagbà ni Lèmọ́mù?”

Mo rẹ́rìn-ín. “Ìrun gbogbo wa á dàrú.”

“Ẹ̀n-ẹ́n.” Ó na ọwọ́ rẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún lu ẹ̀yìn ọwọ́ òsì, bí àwọn obìnrin ṣe máa ń ṣe é, ó dún pẹ́. “O rí i, Lèmọ́mù kì í bojú wẹ̀yìn wò ó pé ta ló pàtẹ́wọ́ yẹn. Kò kan an. Ibi tó ti ṣì ló máa padà sí. Ó tó báyìí, lọ pàtẹ́wọ́ fún òyìnbó rẹ.”

Ó dìde, ó wọlé lọ jẹun. Bàbá mi tí kò tíì fojú kan kọ̀ǹpútà rí ni ó ṣí ohun tó dì mọ́ mi lọ́wọ́ láti ọjọ́ yìí wá. Mo ya ìwé ẹ̀bẹ̀ yẹn dànù. Mo kọ òmíràn: ibí yìí kò tọ̀nà, ìdí rẹ̀ nìyí, ibí yìí náà kò tọ̀nà, ìdí rẹ̀ nìyí. Kò sí ẹ forí jì mí kankan níbẹ̀. Lọ́jọ́ kejì iná ò sí, Ọ̀gá fúnra rẹ̀ lọ wá epo sí jẹnẹrétọ̀, ẹ̀rọ sì figbe ta títí kí Èkó tó gbé e.

Èsì náà kò tètè dé. Ìgbà tó dé, Ọ̀gá pè mí sídìí kọ̀ǹpútà pé kí n wá kà á fúnra mi. Olùkọ́ kọ ọ́ pé: “O rí gbogbo èyí tí mo fi síbẹ̀. O tún rí ọ̀kan tí mi ò fi síbẹ̀. Èmi gan-an ni mo ṣì í. Ojú-ìwé yìí ni mo fi ń dán gbogbo ẹni tí mò ń kọ́ wò, kò sì sẹ́ni tó sọ fún mi rí. O ṣé.” Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ló ti wá sọ pé mo yege, pé kí n máa múra Èkó. Mo ka apá Èkó yẹn lẹ́ẹ̀kan. “O ṣé” yẹn ni mi ò lè kúrò lórí rẹ̀. Àgbàlagbà tó mọ nǹkan tó báyẹn, lọ́nà jíjìn réré, ó ní o ṣé fún mi nítorí pé mo sọ fún un pé ó ṣì í. Wọ́n lè sọ fún mi lọ́jọ́ náà pé ọ̀sà ti gbẹ, màá gbà á gbọ́.

Inú bàbá mi dùn. Ó ṣàdúrà fún mi, ó gbọ́wọ́ lé mi lórí, ó ní kí Ọlọ́run bùkún òyìnbó náà. Mo rò pé ó ti parí. Ó wá ní, “Ṣùgbọ́n Èkó? Níbi tí wọ́n ti ń kó ọmọ èèyàn lójú títì? Rárá o. Mo ti fọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi. O mọ̀ ọ́n báyìí, inú mi dùn sí i, ó tó.” Mo bẹ̀ ẹ́ títí. Kò pariwo mọ́ mi, kò sì yí padà. Iléyá dé, a jẹ ẹran, ẹnu mi ò mọ adùn rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún ni Ìyá Kútọnù gba ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ wọlé pẹ̀lú ẹrù láàsì rẹ̀, ó ń ṣépè fún gbogbo ẹni tó dá a dúró lójú ọ̀nà. Ọkọ rẹ̀ jẹ́ Ègùn, ó sì ti pẹ́ lọ́hùn-ún tó fi jẹ́ pé kò lè sọ̀rọ̀ kó má fi “bọ̀n” èdè Faransé àwọn ará ibẹ̀ ṣáájú.

“Bọ̀n, ẹrù rẹ dà?” ó bi mí kó tó jókòó dáadáa.

Mo ti dì í. Bàbá ní kí n dì í, mo sì dì í. Mo gbé e jáde, mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú pálọ̀. Bàbá mi tún jókòó ṣe, ó gbé ọ̀rọ̀ kalẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n ń fa ọmọ léni lọ́wọ́. “Ẹ̀gbọ́n mi, bá a ṣe sọ ọ́ náà ló rí. Ọmọ yín rèé. Mo fà á lé yín lọ́wọ́. Ẹ máa mú un lọ.”

Ọ̀rọ̀ kún inú mi, kò rí ọ̀nà jáde. Ta ni ó máa sọ lójú ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ pé ohun tí bàbá òun sọ kò rí bẹ́ẹ̀? Àfi bí ọwọ́ mi ṣe gbéra. Mi ò pète rẹ̀, Ọlọ́run ló mọ̀. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún lu ẹ̀yìn ọwọ́ òsì. Kò dún púpọ̀.

Bàbá mi kọjú sí ògiri.

“Kí nìyẹn?” Ìyá Kútọnù wí. “Ẹ̀fọn lò ń pa ni?”

Mo tún pàtẹ́wọ́. Omi ti gba ojú mi, mo fojú sílẹ̀, ṣùgbọ́n mo pa á, èyí dún gbangba nínú pálọ̀. Mo rò pé bàbá mi á bínú. Mo rò pé á ní ta ló gbà ọ́ láyè. Kò tilẹ̀ wò mí. Ojú rẹ̀ wà níwájú, lára ògiri, bí ẹni tó wà lórí ìrun.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ forí jì mí. Ẹ jẹ́ kí n tún ọ̀rọ̀ yẹn bẹ̀rẹ̀.” Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, ó mọ́. “Ọmọ yín rèé. Iṣẹ́ ti dé fún un ní Èkó. Èkó ló ń lọ.”

“Bọ̀n! Ìwọ lo ránṣẹ́ pè mí o!”

“Èmi ni. Mo ṣì í.”

Ìyá náà wò ó, ó wò mí, ó wo ọwọ́ mi. Òun náà kúkú ń kírun. Ó pòṣé tó gùn, ó ní irú kí ni gbogbo èyí, ó jẹun yó, ó sùn mọ́jú. Nígbà tó fẹ́ lọ, ó fa aṣọ láàsì aláwọ̀ ewé kan yọ nínú ẹrù rẹ̀, ó jù ú lé mi lẹ́sẹ̀, ó ní kí n má lọ Èkó bí ẹni tí kò lẹ́ni. Bàbá mi ló gbé àpótí mi dé ibi mọ́tò. Ẹ̀rù ṣì ń bà á, mo rí i lójú rẹ̀, kò sì bò ó. Ó kàn ní bí mo bá débẹ̀, kí n wá ọ̀nà ránṣẹ́.

Ó ti pẹ́ lónìí. Bàbá mi ti lọ, kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ. Iṣẹ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ náà ni mò ń ṣe títí di ìsinsìnyí. Íńtánẹ́ẹ̀tì tí mo béèrè pé níbo ló wà ti wà lápò gbogbo èèyàn, àwọn ọmọ mi ń lò ó láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì, bí ẹni ń lo ọṣẹ. Mo ti bá àwọn ọ̀gá ńláńlá ṣiṣẹ́, àwọn mìíràn nínú wọn, bí ẹnì kan nínú ọ́fíìsì bá sọ fún wọn pé wọ́n ṣì í, wọ́n á kọ́kọ́ bojú wẹ̀yìn láti mọ ẹni tó sọ ọ́. Èmi náà ti wà lórí àga bẹ́ẹ̀, mo sì mọ bó ṣe máa ń ta èèyàn lára. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé, nínú gbogbo ohun ìyanu tí mo rí láti ìgbà ẹ̀rọ yẹn wá, ọkùnrin tó jókòó sínú pálọ̀ wa yẹn ló ṣì ń mú orí mi wú jù: alágídí àgbàlagbà, tí ẹ̀rù ń bà, níwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó gbọ́ àtẹ́wọ́ ọmọ tó bí, tó sì padà síbi tó ti ṣì, láìbojú wẹ̀yìn.